Spot 12, kọ́ìnì 21: ọ̀rọ̀ Silver Eagle tí ẹ̀gbọ́n mi rà ní 2020

Ọjọ́ Ẹtì ni, 20 oṣù kẹta 2020. Ibi iṣẹ́ ni mo wà, fóònù dún mi ò gbé e, ó tún dún mi ò gbé e, ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta ni àyà mi já, torí lásìkò kòrónà yẹn tí ẹnì kan bá ti pe èèyàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra, ìròyìn burúkú ló máa ń jẹ́. Mo sáré jáde lọ gbé e. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tá a jọ wà ní Houston níbí. Ẹ káàsán tí mo kí wọn gan wọn ò dáhùn, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni, "Àbúrò, wọ́n ti lù mí ní jìbìtì o, lójú ara mi báyìí."

Inú mọ́tò ni wọ́n wà, níwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta kọ́ìnì wúrà àti fàdákà. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ máa rí i níwájú pé wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ̀gbọ́n ti ń ṣọ́ iye fàdákà láti oṣù kìíní, ẹnì kan níbi iṣẹ́ wọn ló kì wọ́n wọnú ẹ̀. Láàárín oṣù kejì áúnsì kan wà ní bíi 18 dọ́là. Nígbà tí gbogbo ọjà wá wó lóṣù kẹta, stock wó, epo wó, fàdákà náà bá wọn wó, títí tó fi di Ọjọ́rú 18 oṣù kẹta tó já wálẹ̀ kọjá 12 dọ́là. Ẹ̀gbọ́n rí i lórí fóònù, wọ́n ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà. Wọ́n lọ yọ 2,500 dọ́là nínú owó tí wọ́n ń kó jọ fún mọ́tò, wọ́n pín in sí 12, ó lé ní 200, kí wọ́n tó kúrò nílé wọ́n ti ń wá ibi tí wọ́n máa kó kọ́ìnì 200 pamọ́ sí. Ìgbà tí wọ́n máa débẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ó ti gòkè díẹ̀, 12.60, ìyẹn ò dùn wọ́n rárá. Àfi bí bàbá òyìnbó tó jókòó nídìí káńtà ṣe ní Silver Eagle kan, ìyẹn kọ́ìnì fàdákà áúnsì kan tí ìjọba Amẹ́ríkà ń rọ, 21 dọ́là. Àti pé ẹnì kan ò lè gbà ju túúbù kan lọ, kọ́ìnì 20 péré. Ojú ń ti ẹ̀gbọ́n láti yí padà lọ́wọ́ òfo, èèyàn sì ti tò sẹ́yìn wọn, ni wọ́n bá san 420 dọ́là, wọ́n jáde. Inú mọ́tò ni ojú wọn ti wá là. Dọ́là 8 àti 40 sẹ́ńtì lórí nǹkan tí wọ́n ní 12.60 ni, lórí túúbù kan ṣoṣo 168 dọ́là nìyẹn.

"Wọ́n tún wá kọ ONE DOLLAR sí i lára," wọ́n ní. "Àbúrò, dọ́là kan! Mo fi dọ́là 21 ra dọ́là kan!"

Mo rẹ́rìn-ín, kò sì yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni o, owó ìjọba Amẹ́ríkà ni lábẹ́ òfin, tórí ẹ bá dàrú o lè fi ra gúgúrú dọ́là kan, àmọ́ nọ́mbà yẹn ò kan iye ẹ̀ rárá, láti 1986 tí wọ́n ti ń rọ ọ́ dọ́là kan náà ni wọ́n ń kọ sí i, yálà fàdákà wà ní 5 tàbí ó wà ní 40.

Ohun tó wá dun ẹ̀gbọ́n jù kì í ṣe owó. Wọ́n ní torí pé òyìnbó yẹn gbọ́ ohùn àwọn ló ṣe fi owó lé e. Mi ò ní sọ pé irú ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ níbí, gbogbo wa la mọ ohun tójú ń rí. Torí náà mi ò bá wọn jiyàn, mo ní kí wọ́n máa lọ sílé ná, kí wọ́n má fọwọ́ kan 2,080 tó kù. Nígbà tí mo gba bréèkì mo pe ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta míì, èmi náà ti ń ra fàdákà díẹ̀díẹ̀ láti 2012, mo mọ àwọn tí mo máa pè. Ọ̀kan ní 20.50. Ọ̀kan ní 22. Ẹnì kẹta ní Eagle ò sí, ṣé kí òun kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ó tán. Gbogbo ìlú ló ń san án, òyìnbó ń san án, Mẹ́síkò ń san án.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn la jókòó sórí fóònù fún bíi wákàtí méjì, ohun tí mo sọ fún wọn ni mò ń kọ síbí, pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, torí àwọn tó ń bi mí pé kí ló dé tí kọ́ìnì fi wọ́n ju iye fàdákà tí wọ́n rí lórí fóònù lọ ti pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí wọ́n ń pè ní spot. Ẹ̀gbọ́n rò pé iye kọ́ìnì ni. Kì í ṣe iye kọ́ìnì. Iye tí àwọn ńláńlá fi ń ra fàdákà lọ́wọ́ ara wọn ni, lórí ìwé jù, ní COMEX, ọjà tí wọ́n ti ń ta ìwé àdéhùn wúrà àti fàdákà ní New York, níbi tí ìwé àdéhùn fàdákà kan ṣoṣo ti jẹ́ 5,000 áúnsì, tí ẹnì kan bá sì ní òun fẹ́ kó ẹrù òun lọ́wọ́, igi fàdákà, ìyẹn bar, tó wúwo tó bíi 1,000 áúnsì ni wọ́n máa gbé fún un, ìyẹn kìlógíráàmù bíi 31 lórí igi kan. Ta ló fẹ́ gbé ìyẹn lọ ra gààrí? Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí Kara, ní ẹ̀gbẹ́ Berger tẹ́ ẹ bá ń jáde ní Èkó. Iye tí wọ́n ń ta màlúù lóòró ní Kara, ìyẹn ni spot. Súyà tí mállàm fi tákàdá wé fún yín lálẹ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà àti yájì, ìyẹn ni Silver Eagle. Ẹran kan náà ni. Àmọ́ ẹnì kan ti dú u, ẹnì kan ti gé e, ẹnì kan ti yan án, mállàm sì ti dúró tì í lójú títì títí ẹ fi dé. Tí màlúù bá já wálẹ̀ ní Kara láàárọ̀ òní, ṣé ẹ ti rí mállàm tó dín owó súyà kù lálẹ́ òní rí?

Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní àmọ́ kì í ṣe ìlọ́po owó ẹran. Èsì gidi nìyẹn, ẹ̀gbọ́n kì í ṣe òpè.

Owó tó gun spot lórí yẹn ni wọ́n ń pè ní premium. Èmi á fẹ́ máa pè é ní owó orí, ìjọba ló ti gba orúkọ yẹn, torí náà àlékún ni màá máa pè é. Ó ní bó ṣe ń tò lé ara wọn. US Mint, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rọ owó, kì í ta Eagle fàdákà irú èyí fún èmi àti ẹ̀yin. Àwọn oníṣòwò ńlá mélòó kan tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n ń tà á fún, tí wọ́n bá sì máa rà, 25,000 ẹyọ ló kéré jù. Nígbà yẹn iye fàdákà lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń san, pẹ̀lú 2 dọ́là géérégé lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, fàdákà ì báà gòkè ì báà sọ̀kalẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, kí kọ́ìnì tó jáde nílé tí wọ́n ti rọ ọ́, 2 dọ́là ti gùn ún lórí. Wọ́n á wá kó o sínú àpótí aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní monster box, 500 ẹyọ nínú ẹ̀, túúbù 25. Àwọn oníṣòwò ńlá yẹn á fi tiwọn lé e, àwọn tó ń rà lọ́wọ́ wọn á fi tiwọn lé e, ìgbà tó bá máa fi dé ọ̀dọ̀ bàbá nídìí káńtà òun náà gbọ́dọ̀ san réǹtì àti ìnṣúráǹsì. Lọ́dún 2019 tí ojú ọjọ́ ṣì dára, gbogbo ẹ̀ papọ̀ kì í ju bíi 3 dọ́là lọ lórí Eagle. Èyí tí ilé-iṣẹ́ aládàáni rọ, tí wọ́n ń pè ní round, tí kì í ṣe owó orílẹ̀-èdè kankan, dọ́là kan sí dọ́là kan àbọ̀. Igi 10 áúnsì náà, bákan náà. Maple Leaf ti Kánádà àti Britannia ti àwọn òyìnbó London máa ń wà láàárín.

Kí ló dé tí Eagle fi wọ́n jù nígbà tó jẹ́ fàdákà kan náà ni? Torí gbogbo ènìyàn ní Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n ni. O gbé e dé ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí láti Texas dé Alaska, wọn ò ní yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́, wọ́n á kàn wọ̀n ọ́n wọ́n á sanwó. Round tí ẹnì kan rọ ní gáréèjì ẹ̀, wọ́n á yí i síwá yí i sẹ́yìn. Orúkọ ni wọ́n ń rà, bí ìgbà téèyàn ra àlàárì gidi àti èyí tí wọ́n kàn pa láró pupa ni.

Ó wá ku oṣù kẹta yẹn gan-an. Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì dorí kọ. Àwọn ńláńlá ń wá dọ́là lójú méjèèjì, gbèsè ń lé wọn, ohunkóhun tó bá ṣeé tà ni wọ́n ń tà, ìwé fàdákà wà lára ẹ̀. Fàdákà sì tún ní àléébù kan tí wúrà ò ní, bí ìdajì ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ń lò, fún panẹ́ẹ̀lì sólà, fún wáyà, fún fóònù, tí ilé-iṣẹ́ bá ti tilẹ̀kùn ta ló máa rà á? Ìdí nìyẹn tí spot fi já bọ́. Àmọ́ àwọn mẹ̀kúnnù, irú ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń rí i pé ayé fẹ́ parẹ́, wọ́n fẹ́ nǹkan tí wọ́n lè fọwọ́ kàn, gbogbo wọn sì rí nọ́mbà 12 yẹn lórí fóònù lọ́jọ́ kan náà. 12 oṣù kẹta ni US Mint ti kéde pé Eagle fàdákà tán lọ́wọ́ àwọn ná. Ó lé ní 5 mílíọ̀nù ẹyọ tí wọ́n tà lóṣù kẹta yẹn nìkan, oṣù kejì tó ṣíwájú ẹ̀ ò tó mílíọ̀nù kan. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń rọ ọ́ náà wá ń tilẹ̀kùn, Kánádà dá iṣẹ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ilé ìyọ́wúrà ńlá mẹ́ta ní Ticino ní Switzerland, ẹ̀gbẹ́ ibi tí kòrónà ti ń pa wọ́n ní Ítálì, wọ́n tì, nígbà tó di àárín oṣù kẹrin West Point ní New York tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Eagle ti ń jáde náà tì fúngbà díẹ̀. Lóṣù kẹrin yẹn náà ni wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ Mint tó wà ní Philadelphia bá wọn rọ díẹ̀, 240,000 ẹyọ ni wọ́n rọ níbẹ̀. Ó sì ní àwọn èèyàn tó ń san ìlọ́po owó lórí èyí tó ti Philadelphia wá yẹn, wọ́n ń wo nọ́mbà ara àpótí ẹ̀ láti fi dá a mọ̀, torí kọ́ìnì fúnra ẹ̀ ò yàtọ̀, kò sí àmì kankan lára ẹ̀. Ìyẹn kọjá òye mi o. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀.

Mo wá sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n gbé bírò. Mo ní láàárín oṣù kejì, èló ni spot? 18. Èló ni àlékún Eagle? 3. Ó jẹ́ èló? 21. Ó dáa. Lónìí, èló ni spot? 12.60. Àlékún? 8.40. Ó jẹ́ èló?

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "21."

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí nìyẹn, òun náà ló sì jẹ́ kí n kọ gbogbo eléyìí. Kọ́ìnì ò kúrò lójú kan, spot ló fi í sílẹ̀ tó sáré lọ. Gbogbo wa ń sọ pé àlékún fò sókè, ìdá 67 nínú 100, ó yẹ kí wọ́n kó wọn sẹ́wọ̀n, àmọ́ ẹni tó ń ra Eagle lóṣù kejì àti ẹni tó ń rà á lóṣù kẹta, iye kan náà ló ń jáde lápò wọn. Àlékún kì í ṣe nǹkan kan tó dá dúró tí ẹnì kan ń kọ síbì kan, àyọkù lásán ni, iye tí èèyàn gbà láti san fún kọ́ìnì, yọ spot kúrò. Tí spot bá já bọ́ tí àwọn tó fẹ́ kọ́ìnì ò sì dín kù, àlékún á máa wú ni, kò sí ẹni tó fi atẹ́gùn sí i.

Mo ní mi ò fi gbogbo ara gbè sẹ́yìn àwọn dílà, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ níbí. Tiwọn ni pé àwọn ti ra èyí tó wà ní àtẹ ní 17 tàbí 18, tí àwọn bá tà á ní 12 àti 3 àwọn ti jẹ gbèsè, tí àwọn bá sì tà á tán àwọn ò mọ ìgbà tí òmíì máa dé àti iye tó máa dé. Mo gbà. Ẹni tó ń ta ìrẹsì lásìkò tí wọ́n ti bọ́dà mọ ohun tí mò ń sọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká má parọ́, nígbà tí spot ń gòkè lójijì, mi ò tíì gbọ́ kí dílà kan sọ pé "èyí tí mo rà ní 12 ni, ẹ jẹ́ n tà á fún yín ní 15." Lọ́jọ́ yẹn spot ni wọ́n ń wò, wọn ò rántí iye tí wọ́n rà á mọ́. Ọ̀nà méjèèjì ló ń bọ́ sí i fún wọn. Ó burú? Kò burú, ọjà ni. Mo kàn fẹ́ kó yé ẹni tó ń rà ni.

Lórí 2,080 tó kù, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mú sùúrù. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n ní ká jókòó sílé ní Houston, ṣọ́ọ̀bù yẹn náà tì fúngbà díẹ̀. Wọ́n ń bínú sí mi torí spot ti ń gòkè, 14, 15, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi bíi pé èmi ni mò ń gbé e sókè. Ìparí oṣù karùn-ún la lọ pa pọ̀, ìbòmú lójú. Spot wà ní 17.50. Eagle ṣì ń gbówó lórí, bíi 6 dọ́là, mo ní ẹ má fọwọ́ kàn án. Igi 10 áúnsì wà, 2 dọ́là àti 10 sẹ́ńtì lórí áúnsì kan, gbogbo ẹ̀ 19.60. Wọ́n gbé mẹ́wàá, 100 áúnsì, 1,960 dọ́là. Ní Texas a ò san owó orí ọjà lórí ẹ̀, láti oṣù kẹwàá 2013 ni wọ́n ti mú un kúrò lórí gbogbo kọ́ìnì àti igi wúrà àti fàdákà, ó kéré ó pọ̀. Ìpínlẹ̀ míì, ẹ lọ wo tiyín kẹ́ ẹ tó sanwó.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n tún pè mí, inú wọn ń dùn lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn gbé Eagle kan sórí sikéèlì tí ìyàwó wọn fi ń wọn fùláwà, ó ka áúnsì kan àti díẹ̀, 1.1. "Àbúrò, wọ́n fún wa ní èènì!" Ó dùn mí láti bà á jẹ́ fún wọn. Áúnsì fàdákà àti wúrà kì í ṣe áúnsì fùláwà, ti fùláwà jẹ́ gíráàmù 28 àti díẹ̀, ti fàdákà tí wọ́n ń pè ní troy jẹ́ 31.1. Kò sí èènì nínú ọjà yìí o. Àlékún gan-an ni òdìkejì èènì, ẹni tó ń rà ló ń fi jọ ẹni tó ń tà. Ẹ̀gbọ́n ní òyìnbó ò mọ ọjà ṣe.

Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀. Àbúrò wa obìnrin kan ní London gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, òun náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ Britannia. Tiwọn lọ́hùn-ún tún le jù tiwa, torí VAT ìdá 20 wà lórí fàdákà tuntun, kò sí lórí wúrà. Kọ́ìnì tí wọ́n pè ní 20 pọ́n-ùn, 24 ló máa san, tó bá sì fẹ́ tà á lọ́la kò sẹ́ni tó máa dá 4 pọ́n-ùn yẹn padà fún un. Àǹfààní Britannia ni pé owó ilẹ̀ wọn ni, èrè tó bá jẹ lórí ẹ̀ ìjọba ò ní gba owó orí lé e. Mo ní kó wá tòkunbọ̀, èyí tí ẹlòmíì ti rà rí tó tún padà sí ṣọ́ọ̀bù, VAT orí èrè oníṣọ́ọ̀bù nìkan ló máa ń wà nínú irú ìyẹn. Kò fẹ́ tòkunbọ̀. Ó ra ankara.

Ó di ìparí oṣù kìíní 2021, àwọn ọmọ Reddit, ìkànnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ti kó ara wọn jọ ra stock GameStop títí ó fi fò sókè, ni àwọn kan ní kí wọ́n tún lọ ṣe fàdákà bẹ́ẹ̀. Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn àwọn dílà orí íntánẹ́ẹ̀tì ní àwọn ò gba ọ́dà mọ́ títí ọjà á fi ṣí, ọjọ́ Ajé 1 oṣù kejì spot fọwọ́ kan 30 dọ́là, ọjọ́ kejì ẹ̀ ó ti padà sí bíi 27. Ẹ̀gbọ́n wá ń wá owó lásìkò yẹn, òrùlé ilé bàbá wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó ti ń jò. Ọjọ́rú la lọ, ọ̀dọ̀ bàbá òyìnbó kan náà. Ó ní igi, òun á san 50 sẹ́ńtì lábẹ́ spot, 26.50. Eagle, òun á san 3 dọ́là lórí spot, 30. Ẹ̀gbọ́n wò mí. Wọn ò mọ̀ pé dílà náà máa ń san àlékún fún èèyàn. Wọ́n ta igi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, 2,650, wọ́n ta Eagle mẹ́wàá, 300, wọ́n fi mẹ́wàá yòókù sílẹ̀.

Ìdí ìṣirò yẹn ni ojú ti kọ́kọ́ tì mí. Lórí Eagle, ẹ̀gbọ́n san 8.40 lórí, 3 ló padà, 5.40 ti wọ omi. Lórí igi, wọ́n san 2.10 lórí, kò sí èyí tó padà, 50 sẹ́ńtì tún lọ sí i, 2.60 wọ omi. Tó bá jẹ́ àlékún nìkan lèèyàn ń wò, igi ló sàn, èmi ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ Eagle tí wọ́n fi ìbínú rà ní 21 di 30, èrè 9 dọ́là, ìdá 43 nínú 100. Igi tí mo fi ọgbọ́n yàn fún wọn, 19.60 di 26.50, ìdá 35. Ọjọ́ tí wọ́n ní wọ́n lù wọ́n ní jìbìtì ni wọ́n ra èyí tó dára jù. Tí kì í bá ṣe pé túúbù kan ṣoṣo ni wọ́n fún wọn, tí mo sì sọ pé kí wọ́n fi gbogbo 2,500 ra Eagle, owó tó wọlé ì bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n ò sọ ọ́ sí mi létí. Ìyàwó wọn ló sọ ọ́.

Tí mo bá ní kí n gbè sẹ́yìn ara mi, kò sẹ́ni tó mọ̀ lóṣù kẹta 2020 pé spot máa padà sókè bẹ́ẹ̀, ó lè dúró ní 12 fún ọdún mẹ́ta, kí ilé-iṣẹ́ ṣí, kí Eagle padà sí 15, kí ẹ̀gbọ́n sì di ẹni tó pàdánù 6 dọ́là lórí ẹyọ kan láìṣe pé spot mì. Ìyẹn ni ewu tó wà nínú àlékún ńlá, spot lè má ṣe nǹkan kan kí owó ẹ sì yọ́ lọ. Àti owó orí ìjọba, ẹ má gbàgbé, níbí nǹkan àkójọ ni wọ́n ka fàdákà sí, tó bá ti ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹ wọ́n lè gbà tó ìdá 28 nínú èrè, tí kò bá sì tíì tó ọdún kan, bíi ti ẹ̀gbọ́n, wọ́n á kà á mọ́ owó iṣẹ́ ẹ.

Mo rò pé ó ti parí. Oṣù kẹsàn-án 2022, ẹ̀gbọ́n pè. "Àbúrò, wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀." Spot ti já padà sí 19, ṣọ́ọ̀bù ń ta Eagle ní 33. Kòrónà kọ́ lọ́tẹ̀ yìí, US Mint ní àwọn ò rí pẹlẹbẹ fàdákà tí wọ́n ń tẹ̀ di kọ́ìnì rà tó, lọ́dún 2020 wọ́n ta lé ní 30 mílíọ̀nù Eagle, lọ́dún 2022 bíi 16 mílíọ̀nù ni gbogbo ẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bínú, àṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti pe bàbá òyìnbó fúnra wọn, àwọn ti bi í pé èló ló máa ra mẹ́wàá tó kù lọ́wọ́ àwọn, ó ní 27. Dọ́là 8 lórí spot. Wọ́n tún ti bi í pé èló ni igi, ó ní áúnsì kan 21.50, round náà 21.50.

"Bó o ṣe kọ́ mi nìyẹn," wọ́n ní. Mi ò rántí pé mo kọ́ wọn ní èyí.

Wọ́n lọ láìpè mí. Wọ́n kó Eagle mẹ́wàá fún un, 270 dọ́là, wọ́n gba igi 10 áúnsì kan àti round méjì, 258, ó ku 12 dọ́là. Àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ ni sikéèlì fùláwà ìyàwó wọn, igi náà lórí ẹ̀, round méjì lórí igi, nọ́mbà tó wà níbẹ̀ jẹ́ gíráàmù 373. Wọn ò kọ nǹkan kan sí i.